Níbo Ni Ilé Yín?

Lẹ́tà ìlénilọ kì í gùn. Ìlà mẹ́ta péré ni. Ìlà kìíní ń dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ìlà kejì ń sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbé e lọ, ìlà kẹta sì ń sọ pé Ajẹ́lẹ̀ kò ní láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín ọdún mẹ́ta tí Atẹ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀, ó ti tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tó mọ́kànlá, kò sì sí èyí tó gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Àrùn kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní: àmì ìdánudúró rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ibikíbi tí gbólóhùn bá ti parí ni ó ti ń dá ìwé lu. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn lẹ́tà ìlénilọ, ihò mẹ́ta ni yóò kà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, ó ki ìwé funfun bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó fa pélébé ìwé tí Ajẹ́lẹ̀ fi yíǹkì àwọ̀ ewé kọ nǹkan sí mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láìwo ọwọ́ ara rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe. Ó tẹ orúkọ náà dé ìdajì kí ìka rẹ̀ tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó ń tẹ̀. Ẹni tí ó sì ni orúkọ tó ṣáájú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ yóò gbé e.

Atẹ̀wé gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì ń wo ògiri tó dojú kọ ọ́, níbi tí ìwé ìyìn tí wọ́n fún un ní ọdún tó wọṣẹ́ gbé wà nínú férémù.

Gbogbo ìlú ló mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí Létà Òjé. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni ó ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń to àwọn létà òjé kéékèèké tí wọ́n fi ń tẹ̀wé jọ, dúdú wọn kò sì kúrò ní ìka rẹ̀ rí, kódà ní ọjọ́ tí ó gbé ìyàwó. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwé ìléwọ́ kan jáde nígboro láìsí orúkọ òǹtẹ̀wé lára rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni: “Lọ́wọ́ ta ni wọ́n ń dáàbò bò wá?” Ṣùgbọ́n “ọ” ńlá tí ṣọ́ọ̀bù náà ní ti pàdánù àmì abẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó níbẹ̀ rí ló mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kejì ni wọ́n wá mú un nídìí iṣẹ́. Atẹ̀wé ti rò pé wọn yóò bá a wí, wọn yóò sì fi í sílẹ̀.

Omi ló pín ìlú náà sí méjì, afárá kan sì so ó pọ̀. Ṣùgbọ́n lójú ìjọba, ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì Ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́dọọdún ní òkè òkun. Inú rẹ̀ ni wọ́n to gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba wọn sí ní oríṣi-oríṣi, bí ẹni to abọ́ sórí pẹpẹ. Ilẹ̀ Adé wà, tí ọba wọn ni tọwọ́-tẹsẹ̀. Ilẹ̀ Ààbò wà, tí olórí ibẹ̀ ti tẹ̀ka sórí ìwé pé kí wọ́n wá dáàbò bo òun. Ilẹ̀ Ìfisọ́wọ́ tún wà, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìjọba mìíràn lẹ́yìn ogun, tí wọ́n ní àwọn kàn ń bá ayé tọ́jú rẹ̀ ni. Kálukú ní àwọ̀ tirẹ̀ lórí àwòrán ayé. Ìhín odò, níbi tí ọ́fíìsì àti èbúté wà, Ilẹ̀ Adé ni. Ọ̀hún odò, Ilẹ̀ Ààbò ni.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti àwọ̀ lásán. Ẹni tí wọ́n bá bí sí Ilẹ̀ Adé, ọmọ Adé ni. Bí ìjọba bá fẹ́ lé e kúrò nílùú, àfi kí adájọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bí sí Ilẹ̀ Ààbò, ẹni Ààbò ni, ìbáà ti máa gbé ìhín odò fún ogójì ọdún. Fún irú wọn, ìlà mẹ́ta ti tó. Káàdì funfun ni ti ọmọ Adé, káàdì pupa rúsúrúsú ni ti ẹni Ààbò, àpótí káàdì mẹ́fà sì ni wọ́n tò sí ẹ̀yìn àga Atẹ̀wé. Kò ní láti ṣí èyíkéyìí kí ó tó mọ àwọ̀ káàdì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Pupa ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ní ọdún tí wọ́n ka àwọn ará ìlú, bí ó ti kọ ti ara rẹ̀.

Bàtà kan ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Méséńjà ọ́fíìsì ni, bàbá àgbàlagbà kan tí bàtà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ kéde pé ó ń bọ̀.

“Sìsí, ṣé ó ti jinná?” Bí ó ti máa ń béèrè lẹ́tà nìyẹn, àfi bíi pé orí iná ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.

“Kò tíì jinná, Bàbá.”

“Kí ló dé? Ojú yín rí bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oògùn kíkorò mì.”

Atẹ̀wé ti pélébé ìwé náà sí i. Bàbá náà kà á pẹ̀lú ètè, díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣí fìlà.

“Létà Òjé? Létà Òjé tiwa yìí? Tó tẹ orúkọ mi ní ìdàkudà sára ìwé ìgbéyàwó ọmọ mi, tí àwọn àna mi fi ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí dòní?”

“Òun ni.”

“Ẹ sáré lọ rí adájọ́!”

“Adájọ́ kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹni Ààbò lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Ààbò!” Bàbá náà fi fìlà gbọn eruku tí kò sí lára aṣọ rẹ̀. “Bí ẹni ń ṣọ́ olè ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ wa, wọ́n ní ààbò ni. Èmi tí ẹ rí yìí, ẹ̀yìn ilé ìdáná ọsibítù tó wà lókè yẹn ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń se oúnjẹ àwọn aláìsàn lọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Wọ́n ní gbogbo wọ́ọ̀dù ló jẹ ẹ̀wà jíjóná lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ẹni Ààbò ni mí.”

Atẹ̀wé yí àga rẹ̀ padà. “Ọsibítù ìhín odò níbí?”

“Ọsibítù mélòó la ní?”

“Káàdì yín, pupa ni.”

“Pupa fòò.”

“Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ìhín ni wọ́n bí yín sí?”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ bi mí ni? Ẹ wá kà wá nílé tẹ̀yin ti pẹ́ńsùlù yín, ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí mi dáadáa, inú mi sì dùn sí i. Ẹ wá ní, ‘Bàbá, níbo ni ilé yín?’ Mo sọ ilé bàbá mi fún yín. Ẹni tó bá bi mí ní ilé mi, tí mo wá ń dárúkọ ẹ̀yìn ilé ìdáná, ṣé orí mi pé?”

Ọ̀rọ̀ náà kọjá lọ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n Atẹ̀wé ti ń wo férémù ara ògiri. Òun ló túmọ̀ ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ka àwọn ará ìlú. Ní èdè àwọn tó ni ìwé, ibi tí wọ́n ti bí ènìyàn gan-an ni wọ́n ń béèrè. Atẹ̀wé ti kọ́kọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún: “Níbo ni wọ́n bí yín sí?” Ó kà á sókè, kò sì dùn létí rẹ̀. Bí ẹni ń wá ìjà ni ó rí. Ó fojú inú wo ara rẹ̀ níwájú àgbàlagbà kan, tí òun ń bi í ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ojú tì í. Ó fa igi lé e lórí, ó sì kọ èyí tó bọ́jú mu: “Níbo ni ilé yín?” Ajẹ́lẹ̀ yìn ín pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka ènìyàn, òun kò rí ìbéèrè tí àwọn ará ìlú dáhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà bẹ́ẹ̀ rí. Ìyìn yẹn ló wà nínú férémù.

Ó ṣí àpótí káàdì kẹrin. Ó fa àwọn tí ó mọ̀ dájú pé ìhín odò ni wọ́n bí wọn sí yọ: aṣọ́bodè tí wọ́n bí sí ilé aṣọ́bodè, àwọn ìbejì onígbàjámọ̀, olùkọ́ tó kọ́ òun fúnra rẹ̀ ní ìṣirò. Pupa, pupa, pupa, pupa.

“Bàbá,” ni ó wí bí ó ti ń pa àpótí náà dé, “ìgbà wo lẹ fẹ́ gbé lẹ́tà yìí lọ?”

Bàbá náà wò ó, ó sì wo bàtà ara rẹ̀. “Bàtà yìí ti ń há mi lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀. Mi ò rò pé mo lè rìn kí aago mẹ́rin tó lù.”

Atẹ̀wé tẹ lẹ́tà náà parí, nítorí pé bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn yóò tẹ̀ ẹ́. Ó fi í sínú àpòòwé gígùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ni ó gba ẹ̀yìn ilé lọ sí kọ́ọ̀tù. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù jẹ́ ọkùnrin tí kì í fẹ́ dá sí ọ̀ràn Ajẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ òfin. Kò gbé ojú sókè nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀. “Bí ìyá ọkùnrin náà bá búra níwájú adájọ́ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la pé ìhín odò ni òun bí i sí, adájọ́ yóò gba ẹjọ́ náà, ọkọ̀ kò sì lè gbé e. Bí kò bá búra, mi ò rí ọ lónìí.”

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ wá ku ẹyọ kan, òun ló sì wúwo jù. Láti kékeré ni ìyá wọn ti ń sọ fún wọn pé inú ilé bàbá wọn, ní ọ̀hún odò, ni òun bí wọn sí. Bí òtítọ́ bá ni, ẹ̀gbọ́n òun ti lọ nìyẹn. Bí Atẹ̀wé ti ń rìn lọ sílé, ó ń gbàdúrà pé kí ìyá òun ti purọ́ fún òun láti ọjọ́ tí òun ti dáyé.

Aránṣọ ni ìyá wọn. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá iwájú, tó fi jẹ́ pé ìgbàkigbà tó bá gbé ojú sókè, òrùlé ilé alájà méjì ti ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni ó ń wò lókè omi lọ́hùn-ún. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ló ń rán, ó fẹ̀ ní èjìká. Ti Létà Òjé ni, èyí tí yóò wọ̀ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́ ni? Aago kan kò tíì lù.”

“Ìyá, níbo lẹ bí bọ̀ọ̀dá mi sí?”

Ẹ̀rọ náà dákẹ́.

“Ilé.”

“Ilé wo?”

“Ilé mélòó ni bàbá yín ní? Wò ó níbẹ̀ yẹn, bí ojú rẹ bá ṣì ń ríran lẹ́yìn gbogbo ìwé tí o kà.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́.” Atẹ̀wé kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, láàárín àwọn àjákù aṣọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀: lẹ́tà, ọkọ̀, Ọjọ́bọ̀, adájọ́. Ìyá rẹ̀ kàn ń fi àtàǹpàkò na kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ń nà án, kò sì sí ibi tó ká kò.

“Ọkọ̀ yẹn, ibo ló ń lọ?”

“Wọn kì í kọ ọ́ sínú lẹ́tà.”

Nígbà tí ìyá náà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ aláìsàn lójú aláìsàn.

“Ilé onílé ni mo bí i sí.”

Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà lé itan.

“Bàbá yín àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jà. A sọdá pẹ̀lú ẹní kan àti oyún oṣù mẹ́jọ. Ọkùnrin kan tó ń lọ́ okùn ọkọ̀, ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé oníyìnyín níbi tí wọ́n kó pákó sí báyìí. Òun ló fún wa ní yàrá. Ọjọ́ tí mo ń rọbí, ìyàwó rẹ̀ yọjú, ó ní yàrá la gbà lọ́wọ́ àwọn, a ò gba ariwo. Ó ní ọkọ òun ń sùn. Mo bá ki okùn bọ ẹnu.” Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ̀. “Okùn ọkọ̀. Ó ń rùn bí ọ̀dà. Mo bí ọmọ mi pẹ̀lú okùn lẹ́nu bí ẹran, nínú ilé onílé. Mo ní kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

“Ẹ óò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní kọ́ọ̀tù lọ́la?”

“Níwájú ta ni?”

“Adájọ́ ni. Àti àwọn tó bá wà níbẹ̀.”

“Ìyá Alágbàfọ̀ àdúgbò wa máa ń lọ jókòó sí kọ́ọ̀tù ní gbogbo Ọjọ́rú. Bí ẹni ń lọ wo eré ni. Ọgbọ̀n ọdún, ọgbọ̀n ọdún gbáko ni mo fi ń jẹ́ kí obìnrin yẹn mọ̀ pé àwa kì í ṣe ará yàrá kan.”

“Ìyá.”

“Mo gbọ́.”

Ó dá ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ. Ó gbọ́, kò sọ pé òun yóò ṣe é. Atẹ̀wé padà sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìbẹ̀rù kan tó ṣì wà níbẹ̀ àti ìtùnú kékeré kan tí kò retí. Bí ó bá jẹ́ ilé alókùn ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n òun sí, ó dájú pé níbẹ̀ náà ni wọ́n bí òun sí. Òun náà, ọmọ Adé ni. Ohunkóhun tí òun bá ṣe lọ́la, wọn kò lè fi ìlà mẹ́ta lé òun.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, kọ́ọ̀tù kún. Ìyá Alágbàfọ̀ wà ní bẹ́ǹṣì kejì pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Igbákejì Ajẹ́lẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí itan rẹ̀. Wọn kò mú Létà Òjé wá. Ìyá rẹ̀ gòkè sórí pèpéle ẹ̀rí nínú aṣọ tó dára jù tó ní, ó sì gbé orí sókè débi pé akọ̀wé kọ́ọ̀tù tó fẹ́ fi ọwọ́ gbé e gòkè fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ó búra. Ògbufọ̀ kọ́ọ̀tù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń nu awò ojú rẹ̀ kí ó tó sọ ohunkóhun, gbé ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ ìjọba sókè. Òfin ni pé ìbéèrè tí wọ́n ti fọwọ́ sí nìkan ni ó lè bi ẹlẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ ìbí. Atẹ̀wé rí ìwé náà láti ibi tó jókòó, ó sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ àpá ara rẹ̀. Kò ronú kan èyí. Ó ro gbogbo nǹkan, kò ronú kan èyí.

Ògbufọ̀ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè ketekete: “Ìyá, níbo ni ilé ọmọ yín?”

Ojú ìyá náà lọ sí bẹ́ǹṣì kejì. Abẹ̀bẹ̀ Ìyá Alágbàfọ̀ ti dúró. Ìdáhùn tó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọ̀hún odò ni ilé ọmọ mi. Ilé alájà méjì. Ẹni tó bá mọ̀ wá mọ̀ ọ́n.”

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Adájọ́ mú kálàmù. Igbákejì Ajẹ́lẹ̀ pa fáìlì rẹ̀ dé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó jẹun yó tó dé abọ́.

Atẹ̀wé kò mọ ìgbà tí òun dìde. “Olúwa mi,” ni ó wí ní èdè adájọ́, “wọn kò tíì bi í ní ohun tí ẹ ní kí wọ́n bi í.”

“Jókòó,” ni adájọ́ wí. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè. “Ta ni ọ́?”

“Atẹ̀wé Ajẹ́lẹ̀ ni mí. Ọmọ obìnrin yìí ni mí. Èmi ni mo kọ ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ ògbufọ̀.”

“Kí ló ṣe ìbéèrè náà?”

“Ó ń béèrè ilé, Olúwa mi. Ní èdè wa, ilé ẹni kì í ṣe ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí, kì í sì í ṣe ibi tó ń gbé. Ibi tí àwọn bàbá rẹ̀ ti wá ni. Bí wọ́n bá bí ọmọ sórí òkun, yóò ní ilé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé ó dùn létí mi.”

“Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi lo ìwé yìí. Kò sí ẹni tó kíyè sí i?”

Atẹ̀wé wo Igbákejì Ajẹ́lẹ̀, ó sì dáhùn ní ìfarabalẹ̀. “Kò sí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn ní ọ́fíìsì wa, Olúwa mi.”

“Ènìyàn mélòó lo fi ìbéèrè yìí bi?”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé díẹ̀.”

Igbákejì Ajẹ́lẹ̀ tún ṣí fáìlì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú rẹ̀. Adájọ́ wo ìwé òǹtẹ̀ náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bíi pé ìyókù wà níbẹ̀, ó sì ní kí ògbufọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ.

Ògbufọ̀ nu awò ojú rẹ̀. Ó tún un nù. Ó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Atẹ̀wé, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Sìsí, báwo ni mo ṣe fẹ́ bi àgbàlagbà ní irú ìyẹn? Ẹ bá mi wá a.”

“Ẹ bi wọ́n pé, ilé ta ni wọ́n bí i sí.”

Ó bi í. Ìyá náà kò wo ògbufọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wò, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ń bọ́ aṣọ lára rẹ̀ nígbangba, tó sì rí i pé ọmọ òun ló di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Atẹ̀wé kò lè gbé ojú kúrò.

“Ilé onílé,” ni ìyá náà wí.

Lẹ́yìn náà ló sọ ìyókù, láìrẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: ilé alókùn, ẹ̀yìn ilé oníyìnyín, okùn, ọ̀dà, yàrá tí wọ́n gbà àti ariwo tí wọn kò gbà. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Alágbàfọ̀ yí ọrùn padà, ó fi abẹ̀bẹ̀ tọ́ka sí onítọ̀hún. “Ìwọ, ṣé orí ìtẹ́ ni wọ́n bí ìwọ sí?” Ẹ̀rín náà kú.

Adájọ́ kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ọkùnrin náà. Ó ní kí wọ́n mú un wá síwájú òun lọ́sẹ̀ méjì sí i, kí Ajẹ́lẹ̀ sì wá sọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹgbẹ̀rún mẹ́fà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá dá ẹ̀rọ dúró ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Atẹ̀wé jókòó tì í, ó ń bá a rán bọ́tìnnì sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà. Kò lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ní kí ó má wá, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sí ọ́fíìsì ní ọ̀sán àná, ó ti bá ihò ìṣó lásán lára ògiri níbi tí férémù wà, àga rẹ̀ kò sì sí nídìí tábìlì mọ́. Títí di báyìí, ìyá rẹ̀ kò tíì bá a sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí bàtà ké lẹ́nu ọ̀nà. Méséńjà ni. Kò béèrè ohun tó jinná. Ó ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì na àpòòwé gígùn kan sí Atẹ̀wé.

“Igbákejì fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ yín,” ni ó wí. “Pẹ̀lú ìka méjì. Ó pẹ́ kí ó tó parí rẹ̀. Sìsí, ẹ má bínú sí mi.”

Ó lọ kí wọ́n tó lè ní kó jókòó.

“Kí nìyẹn?” ni ìyá béèrè.

“Ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ni.” Ìgbà tó ti ń retí rẹ̀, kò dùn ún tó bó ti rò. Ó gbé àpòòwé náà lé itan láìṣí i. “Wọ́n lè gba àga lọ́wọ́ mi, Ìyá, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé èmi náà sọ sínú ọkọ̀. Ọmọ ilé alókùn ni wá.” Ó rẹ́rìn-ín, kí ìyá rẹ̀ lè bá a rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nígbà tí ẹ ń rọbí tèmi, ṣé okùn yẹn náà lẹ tún gé jẹ?”

Ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní kọ́ọ̀tù, ojú rẹ̀ ṣí.

“Ìwọ? Ká má rí i! Ṣé ìwọ náà wá ń ka ara rẹ mọ́ ọn ni? Lórí tìrẹ nìkan ni mi ò ti purọ́.” Ó fa àga sún mọ́ ọn. “Ọdún tí mo lóyún rẹ ni ẹ̀gbọ́n bàbá yín ránṣẹ́ sí wa pé kí a máa bọ̀, pé ìjà ti parí. A sọdá padà fún ìgbà díẹ̀. Yàrá òkè ni wọ́n fún mi, èyí tó kọjú sómi. Wò ó, fèrèsé tí pákó rẹ̀ ti já yẹn. Ibẹ̀ ni. Mo pariwo, ọmọ mi! Mo pariwo gbèsè ti bọ̀ọ̀dá rẹ mọ́ tìrẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín dúró sísàlẹ̀, ó ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n jẹ́ kí n ké bó ṣe wù mí, ilé mi ni mo wà. Ohùn mi há fún ọjọ́ mẹ́ta.” Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. “Ìwọ kì í ṣe ọmọ ilé onílé. Ilé ni mo bí ọ sí.”

Atẹ̀wé ń wo òrùlé náà lókè omi. Ìyá rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ irú aṣọ tí wọ́n fi gbà á àti ẹni tó kọ́kọ́ gbé e. Lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti yí àpòòwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà padà. Ìka rẹ̀ rí ihò àmì ìdánudúró kìíní. Ó rí èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀kẹta.